Abẹ́rẹ́ Ńlá Orí Ṣọ́ọ̀bù Ṣìkẹ́mi

Ṣìkẹ́mi kò gba ti ẹni tó ń fúnni lóhun tí a kò tọrọ. Nítorí náà, nígbà tí Morita, bàbá ará Japan kan tó ń ṣe pátákó ìpolówó, tó gbé ṣòkòtò wá fún un láti gé kúrú ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní ìlú Riverdale lókè òkun, ní òun fẹ́ ṣe pátákó ìpolówó tuntun fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ara fu ú.

"Abẹ́rẹ́ ńlá ni màá ṣe. Yóò máa lọ sókè, yóò máa bọ̀ sísàlẹ̀. Ta ló ń rí pátákó yín yìí látinú mọ́tò?"

"Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Morita rẹ́rìn-ín. Ó ní Osaka, ìlú àwọn oníṣòwò, ni wọ́n bí òun sí. Láyé àtijọ́, àwọn jagunjagun ló ń ṣe olórí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì máa ń ṣòfin lórí aṣọ tí oníṣòwò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ní Osaka, àwọn oníṣòwò ló nílùú. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìrẹsì gbogbo ilẹ̀ náà, tó dà bí owó nígbà náà, ń gbà kọjá. Àwọn ilé eré etí odò máa ń gbé àwòrán gìrìwò kọ́ síta kí èrò lè yà. Àwọn ilé oúnjẹ náà kọ́ àṣà yìí lára wọn. Títí dòní, akàn ràgàjì kan ń mi ẹsẹ̀ lórí ilé oúnjẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Dídùn rẹ̀ gan-an ló tún kọ Ṣìkẹ́mi lóminú. Nígbà tó délé, ó sọ fún Fọlọ́runṣọ́ ọkọ rẹ̀ pé, "Onílé ṣọ́ọ̀bù mi ló rán an. Tí pátákó yẹn bá lòdì sófin plaza tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, wọ́n á lé mi jáde."

"Lọ bi wọ́n nígbà náà."

Ó lọ. Akọ̀wé onílé ní kò séwu, bí kò bá ṣáà ti yọ sójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó wa mọ́tò lọ sí ibi iṣẹ́ tí Morita júwe fún un ní Lawrenceville, láìpè é ṣáájú. Ó bá a lórí àkàbà, ó ń kun abẹ́rẹ́ tó ga ju èèyàn lọ. Ẹja, bàtà, ìkòkò, gbogbo wọn gìrìwò, wà lẹ́bàá ògiri, eruku ti bò wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n," ni Morita wí. "Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mo fẹ́ rí ẹyọ kan kó ṣiṣẹ́ kí n tó sinmi."

Ṣìkẹ́mi yẹ ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ náà wò. "Ṣé kò sí kámẹ́rà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa tan iná rẹ̀, èmi náà ni màá máa pa á."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, mọ́tò ń rọra kọjá, àwọn obìnrin méjì sì yà wọlé wá béèrè ẹni tó ni abẹ́rẹ́. Nírọ̀lẹ́, Ṣìkẹ́mi rí Morita níta, tó na fóònù sí ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré jáde.

"Ta lẹ ń fi ṣọ́ọ̀bù mi hàn?"

Morita yí fóònù sí i. Ìyá arúgbó kan wà nínú rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Osaka ló wà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wọn ni."

Kí Ṣìkẹ́mi tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó ń kí ìyá náà káàárọ̀.