Bíríkìlà tí mo fi ohùn yàn

Ògiri yàrá wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń mu omi. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń wú, ó ń ṣí bọ́, ibi tó ti ṣí sì ń dúdú. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ni bẹ́ẹ̀dì wà. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan nígbà náà, ikọ́ ò sì kúrò láyà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wò ó sọ fún mi pé òògùn tí òun ń fún un ò ní ṣiṣẹ́ bí mo bá ń gbé e padà sínú òtútù. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí yàrá náà.

Ọkọ mi wà ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ gbé e lọ. Ilé kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni mò ń gbé, èmi àti ọmọ nìkan. Ó kọ lẹ́tà pé kí n wá bíríkìlà, ṣùgbọ́n kí n má gba ẹnikẹ́ni àfi tí mo bá fojú ara mi rí ilé tó ti ṣe fún ẹlòmíràn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá, àǹtí aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló júwe rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Ó kí mi, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ó fi ọ̀bẹ ha ògiri. Ó béèrè ibi tí bálùwẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni. Ó da omi garawa kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó padà sí yàrá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó sì dúró. Ó pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti gbàgbé mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ilẹ̀ bálùwẹ̀ ló ti sán, abẹ́ rẹ̀ lomi ń gbà wọ ògiri. Òun á fọ́ ilẹ̀ náà tún un ṣe, òun á ha ara ògiri kúrò, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbẹ, kí òun tó rẹ́ ẹ. Ó júwe ilé kan tó ti ṣe ní Ojúẹlẹ́gbà, ó ní kí n lọ wò ó. Mo gbé omi fún un, ó ní ó tó. Kò lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì ni bàbá kan kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù oní-sìmẹ́ńtì pé ìyàwó kan ń wá bíríkìlà. Bó ṣe la ẹnu báyìí, èdè Iléṣà ló jáde, gẹ́lẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ kó tó kú. Mo béèrè agbo ilé rẹ̀, àṣé ó mọ agbo ilé tiwa. Ó tiẹ̀ mọ igi obì tó wà níwájú ilé wa. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ń kì í, ọmọ ń fa irùngbọ̀n rẹ̀. Mo se iṣu, a jọ jẹ ẹ́. Nígbà tó rántí ògiri, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni.

“Ṣé èmi ni màá wá ṣe iṣẹ́ burúkú fún ọmọ ara mi?”

Kí n má parọ́, láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, kò sí ẹni tó wá sí pálọ̀ yẹn ju kó kí mi kó máa lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá ní lójúmọ́, ọmọ tí kò lè dáhùn ni mò ń sọ ọ́ fún. Bàbá náà wà níbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Kó tó dìde, mo ti gbé iṣẹ́ fún un. Mo kọ̀wé sí ọkọ mi pé mo ti rí ilé tó ṣe. Mi ò rí ilé kankan. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ méjì, inú ò sì bí mi. Á rẹ́ ògiri díẹ̀, á pìtàn púpọ̀, ìtàn àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ìtàn àwọn tó jà lórí ààlà oko. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo mọ ẹni tí mo fẹ́ se oúnjẹ fún. Nígbà tó kun ọ̀dà tán, ògiri ń dán. Ó súre fún wa, ó lọ.

Kò pé oṣù méjì tí ọ̀dà tún bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ikọ́ ọmọ padà dé, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá ń mí, mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo ránṣẹ́ sí bàbá ní ṣọ́ọ̀bù oní-sìmẹ́ńtì. Ó wá tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ti ń na ọwọ́ sí ọmọ kó tó wọlé.

“Bàbá, ṣé ẹ wọ bálùwẹ̀ rárá nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí?”

“Kí ni mo fẹ́ wọ bálùwẹ̀ ọmọ mi ṣe? Ṣebí ògiri lo ní kí n ṣe.”

Ó ní òun á tún fi sìmẹ́ńtì mìíràn lé e. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó wò mí, ó ní Èkó ti bà mí jẹ́. Mi ò lé e. Mo kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ni, mi ò ní kó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo pọn ọmọ, mo lọ sí Ojúẹlẹ́gbà. Obìnrin tó ni ilé náà ń fọ aṣọ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé ara mi, ó nu ọwọ́, ó mú mi wọ yàrá, ó ní kí n fọwọ́ kan ògiri. Ó gbẹ táútáú.

“Kì í sọ̀rọ̀ o,” ló wí. “Odi lọkọ mi ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a ò pè é, òun fúnra rẹ̀ ló wá wò ó.”

Mo ní kí àǹtí aránṣọ bá mi pe ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà. Kò bi mí ìdí tí mi ò fi gbé iṣẹ́ náà fún un lọ́jọ́sí. Ó fi òòlù gbá iṣẹ́ bàbá, ó sì ń já bọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ó dùn mí. Mo ṣì mọ ìtàn tí bàbá ń sọ nígbà tó ń rẹ́ apá ibẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi sùn ní pálọ̀, èmi àti ọmọ, kó tó rẹ́ ògiri náà.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ tán, ó wá lóòótọ́. Ó fọwọ́ kan ògiri yíká.

“Ó ti gbẹ, Mọ̀mí.”

Mo ní kó dúró jẹun. Ó dúpẹ́, ó ní wọ́n ń retí òun ní Múṣín.

Ọmọ ti sùn. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀, kò dún mọ́, ó ń mí jẹ́jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ó sì wù mí kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ì báà jẹ́ bàbá yẹn gan-an. Mi ò ní fún un níṣẹ́, ṣùgbọ́n màá ṣílẹ̀kùn fún un.