Tíṣà Onífèrè àti Ọmọ Tó Ń Ṣọ́ Bàtà

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbálẹ̀ nílé-ìwé, kò sì sí tíṣà tí n kò mọ ìwà rẹ̀ láti ara ìdọ̀tí tó ń fi sílẹ̀. Àwọn kan ń fi èèpo ọsàn sílẹ̀, àwọn kan ń fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ìbínú ṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà Onífèrè ní tirẹ̀, iyanrìn nìkan ni, nítorí pápá ni kíláàsì rẹ̀.

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá. Ọkùnrin gíga ni, orúnkún rẹ̀ kan máa ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, okùn bàtà àtijọ́ ló sì fi so fèrè mọ́ ọrùn. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ìwé àti gègé lẹ́nu géètì wa máa ń sọ pé, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o! Bí oúnjẹ bá pẹ́ díẹ̀, fèrè ló ń fọn sí mi." Ó ti jẹ́ eléré sísá rí nígbà èwe rẹ̀, kí orúnkún yẹn tó yẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. N kò rí i kó na ọmọ rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá kàn jù ni ọmọbìnrin télọ̀ àdúgbò wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín, bàtà onírin ló sì fi ń rìn. Ẹ óò gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: ko, ko, ko.

Ní ilé-ìwé wa, ẹsẹ̀ lásán làwọn ọmọ fi ń ṣeré. Wọ́n á kó bàtà jọ sábẹ́ igi, ọmọ kan á sì máa ṣọ́ ọ, torí ajá àdúgbò kò ní ìtìjú. Lọ́jọ́ tí ọmọ télọ̀ kọ́kọ́ dé pápá, olórí ẹgbẹ́ méjì ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́: ìwọ máa bọ̀, ìwọ máa bọ̀, títí ó fi ku òun nìkan.

Ọ̀kan ní, "Mú un."

Èkejì ní, "Ìwọ ni kó o mú un. Àwa la pàdánù lánàá, ó tó."

Ojú ti Tíṣà. Ó yára sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, mo ní iṣẹ́ ńlá fún un. Fún òní nìkan, òun ni Alága Bàtà!" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà rò pé òun ti ṣàánú.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni 'òní nìkan' yẹn gbà. Ọmọ náà kò sunkún rí. Ó máa ń to bàtà ní méjì méjì, ó sì mọ bàtà gbogbo kíláàsì bí ẹni mọ ojú ènìyàn. Èmi náà a máa kí i pé, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o!" N kò ní purọ́, ẹnu mi wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí aago tó lù, mo ń gbá ẹ̀yìn kíláàsì, mo gbọ́ ko, ko, ko. Mo yọjú. Ọmọ télọ̀ ló fi ọwọ́ kan di ògiri mú, tó ń ṣe gbogbo eré tí àwọn yòókù ṣe lánàá. Ó ń fi ẹnu fọn fèrè fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ògiri: "Ìwọ! Máa bọ̀ lẹ́gbẹ́ mi." Òun náà ló tún dáhùn: "Mo ti dé." Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Tíṣà. "Tíṣà, ọmọ yẹn kò fẹ́ oyè yín o." Mo ro ohun tí mo rí fún un.

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó wá ní, "Ìyá Onígbálẹ̀, n kò bi í rí. Lọ́dún kan àtààbọ̀, n kò bi í lẹ́ẹ̀kan."

Ó tọrọ àjákù aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, ó fi rán bọ́ọ̀lù ńlá kan. Yíyan ọmọ lójú ọmọ parí. Òkúta funfun àti dúdú ni wọ́n ń mú nínú àpò láìwò, ìyẹn ló ń pín wọn. Gbogbo wọn á jókòó sílẹ̀, ọwọ́ nìkan ni wọn yóò fi ti bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Ó kó bàtà sínú àpò, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka igi. Ó ní, "Igi ni alága báyìí."

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ehoro, torí eré sísá rẹ̀, yọ ṣùtì. "Sà, àwa kì í ṣe ọmọ arákòrò."

"Jókòó, jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ sinmi."

Apá ọmọ télọ̀ le, torí ọwọ́ ló ti ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ tì gba ẹ̀gbẹ́ Ehoro kọjá fìì! Àwọn ọmọ hó: "Ehoro, ẹsẹ̀ ẹ dà?" Ehoro fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni eré yẹn lò.

Mo ń nu fèrèsé ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá àgbà pe Tíṣà. "Tíṣà, àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́bọ. Eré sísá ni wọ́n fẹ́ wò, aago ni wọn yóò sì fi wọ̀n ọ́n. Kò síbi tí wọ́n ń kọ ẹni tó jókòó sí nínú ìwé wọn."

"Màdáámú, ọmọ kan wà..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣebí ó níṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Bí a bá tún gbẹ́yìn láàárín àwọn ilé-ìwé, wọ́n á yọ tíṣà eré kúrò níbí pátápátá. Ta ni yóò wá máa bá a ṣeré nígbà náà?"

Mo tún ń nu ibi tí mo ti nù. Kí ni agbálẹ̀ fẹ́ sọ? Tíṣà di fèrè ọrùn rẹ̀ mú, ó jáde.

Lọ́jọ́bọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, orúnkún rẹ̀ dún. "Ọmọ mi, fún òní nìkan."

Ọmọ náà wò ó. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà yẹn, sà." Ó sì lọ sábẹ́ igi.

Àwọn alábẹ̀wò jókòó. Àwọn ọmọ tò sórí ìlà. Èmi dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ mi, mo ń wo bàtà tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ní ìparí ìlà bàtà, bàtà onírin wà níbẹ̀, òun náà tò bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ọmọ télọ̀ wà lórí ìlà, ní ìkángun, ẹsẹ̀ lásán, ó fi ọwọ́ di òpó tí wọ́n rì síbẹ̀ mú.

Tíṣà rí i. Fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n fèrè kò dún.

Ọ̀gá àgbà ní, "Tíṣà!"

Fèrè dún. Eruku sọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọmọ náà ṣì wà lórí ìlà, ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lára òpó.

Alábẹ̀wò kan béèrè, "Ìyẹn ńkọ́?"

Ọ̀gá àgbà ní, "Òun ló ń ṣọ́ bàtà, sà." Ọkùnrin náà kò kọ nǹkan kan.

Mo mú bàtà onírin náà dání. Bí mo bá gbé e lọ fún un, bí ẹni pé mo ń lé e kúrò lórí ìlà ni. Bí n kò bá gbé e lọ, báwo ni yóò ṣe rìn délé? Tíṣà ń wò mí láti ọ̀nà jíjìn, èmi náà ń wò ó. Àwọn ọmọ ti ń padà bọ̀ wá mú bàtà wọn.