Aṣọ Ṣójà Dádì Mi Lórí Okùn

Eléyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni, mo ní kí n tètè tẹ̀ ẹ́ síbí.

Lọ́dọọdún, tí àyájọ́ ikú Dádì mi bá ti kò, Mọ́mì máa ń fọ aṣọ ṣójà wọn tòun ti fìlà, wọ́n á sá a sórí okùn níta.

Láàárọ̀ yìí tí wọ́n tún sá méjèèjì, ní Ìkòtún níbí, ṣójà méjì já wọ ilé wa.

"Ta ló ni aṣọ yìí?"

Mọ́mì ló jáde.

"Ọkọ mi ni. Wọ́n ti kú. Ẹ wo orúkọ wọn láyà ẹ̀."

Ọ̀kan kà á. Ó ká aṣọ náà jẹ́jẹ́, bí Dádì ṣe máa ń ká a gẹ́lẹ́, ó gbé e fún Mọ́mì.

"Màmá, ẹ má sá a síta mọ́. Àwọn olè ń wá irú ẹ̀."

A ṣì ń dúpẹ́ ni Mọ́mì wo okùn.

"Fìlà wọn dà?"

Àwọn ṣójà ní àwọn ò rí fìlà kankan. A ti tú gbogbo ilé. Kò sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ká lọ sọ fún ọlọ́pàá ni àbí ká dákẹ́? Orúkọ Dádì mi wà nínú fìlà yẹn o. Ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ṣójà ni wọ́n fi ṣọ́ orúkọ yẹn. Orí ta ló wà báyìí?