Ọgbà Irin Tí Mo Kọ Sórí Ìwé

Òórùn kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sómi ló kọ́kọ́ pàdé mi ní ilé yẹn ní Ṣàngó, kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Ó jọ òórùn ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ta mí nímú. Ọ̀yẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni, eruku ṣì wà lára ewé máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Nígbà yẹn, mo jẹ́ òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ní ọ́fíìsì tó ń fún àwọn èèyàn ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ìwọ náà mọ irú iṣẹ́ yẹn: a ó há fáìlì sábíyá, a ó wọ kẹ̀kẹ́, a ó lọ wò ó bóyá ohun tí onílé kọ́ bá ohun tó yà sórí ìwé mu.

Kì í ṣe ilé gan-an ni mo wá wò lọ́jọ́ náà. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni. Alájì kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba ló nilé. Ó ti gbẹ́ adágún náà, ó ti lẹ táìsì mọ́ ọn, ó sì ti bu omi kún un kó tó rántí pé ó yẹ kóun gba ìwé àṣẹ. Òfin tiwa kò sì le rárá. Kí ọgbà tó ga dé àyà àgbàlagbà yí omi náà ká, kí ilẹ̀kùn ọgbà náà máa pa ara rẹ̀ dé, kí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ká sì sàmì sí ibi tí omi ti jìn. Ní ilé yìí, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé etí omi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, kò sì sí ohunkóhun láàrin wọn àfi okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Alájì. "Màdáámù, ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ní kí n ṣe é, nítorí ìgbà tí wọ́n bá wálé. Mo ti bá wẹ́dà sọ̀rọ̀. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, irin á ti wà níbẹ̀."

Mo ní kó fa omi náà gbẹ títí irin yóò fi dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lóun ti gbọ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú ni Alájì kó wọn kúrò ní agboolé wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, etí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Ìkìrun ni. Wọ́n ní kí wọ́n bu wàrà fún mi, wọn ò sì jẹ́ kí n kọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n fẹ́ fi omi yẹn ṣe?"

"Wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ ni, mà."

"Ta ni yóò lúwẹ̀ẹ́ ọ̀hún?" Wọ́n mi orí. "Ní agboolé wa, a máa ń dé ojú kànga ni."

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ pé ilé náà kò tẹ̀lé òfin. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi pè mí. Kò jágbe mọ́ mi o, kò sì fi ohunkóhun dẹ́rù bà mí. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi sọ̀rọ̀ nípa Alájì yẹn. Èèyàn dáadáa ni. Irin ti wà lọ́dọ̀ wẹ́dà. Kọ ọ́ pé ọgbà wà níbẹ̀, ká pa fáìlì yìí dé."

"Ọ̀gá, kò tíì sí níbẹ̀."

"Yóò wà níbẹ̀."

Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ pé ọgbà irin wà, pé ó bá òfin mu, mo sì buwọ́ lù ú. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Irin kò dé lọ́sẹ̀ náà, kò dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iná ọba ti lọ ní gbogbo àdúgbò wẹ́dà, kò sì rí irin jó. Àìsí iná yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ fa omi sínú táǹkì Alájì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ kejì náà, kò sí ẹ̀kán omi nínú ẹ̀rọ kankan nínú ilé náà. Ní ìrọ̀lẹ́, àkókò ìrun Àsárì tó, ìyàwó Alájì sì jáde lọ pọn omi nílé kejì kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè rí omi ṣe àlùwàlá. Ìyá kò dúró dè é. Wọ́n mú kẹ́tìlì wọn, wọ́n rọra tọ omi tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí lọ. Bóyá wọ́n rò pé ńṣe ni etí rẹ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí etí odò. Nígbà tí ìyàwó fi máa dé, sálúbàtà wọn méjèèjì ló rí létí omi, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Wọ́n ti sin Ìyá kó tó di Màgàríbì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni mo tó gbọ́. Mo lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alájì fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá, Màdáámù. Kádàrá ni. Kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́."

"Alájì, irin yẹn..."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ fún mi. Ẹ ní kí n fa omi yẹn gbẹ." Ó yíjú sí ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ ló sin mí dé géètì. N kò mọ̀ pé ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Kò pariwo, kò sunkún.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bu omi yẹn ni mo ti ń bá ọkọ mi jà lórí ẹ̀," ó ní. "Mo ní Ìyá ò ríran dáadáa. Ìgbà tó mú ìwé àṣẹ yín wálé tó fi hàn mí ni mo dákẹ́. Mo ní kò burú, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti wò ó."

N kò lè sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́. Títí di òní, n kò tíì sọ fún un.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá mi kà á tán, ó ká a, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ó bi mí pé, ta ni lẹ́tà náà máa jí dìde? Bí fáìlì yẹn ṣe wà náà nìyẹn: ẹni tó bá ṣí i lónìí yóò kà á pé ọgbà irin wà níbẹ̀. Alájì ti kó yẹ̀pẹ̀ dí adágún náà.

O lè rò pé ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n, kí n sì ti ṣàtúnṣe. Mo kọ́gbọ́n o. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé fáìlì irú ilé bẹ́ẹ̀ fún mi, níbi tí kò jìnnà sí Ọ̀fà Garage. Omi wà, ọgbà kò sí. Mo ní n kò ní buwọ́ lù ú, wọn ì báà lé mi. Kò sẹ́ni tó lé mi. Wọ́n kàn gbé fáìlì náà kúrò lórí tábìlì mi, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ó ti buwọ́ lù ú. Mo ti gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí irin níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù létí omi.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo rò pé òfin lágbára tirẹ̀, pé ohun tó kù fún wa kò ju ká gbé e délé àwọn èèyàn lọ. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo òótọ́ tí mo ti kọ ní ọ́fíìsì yẹn, n kò mọ ẹyọ kan tó yí ohunkóhun padà. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo kọ, obìnrin kan gbà á gbọ́.