Akíntóyè Sọ Àpótí Ohùn Ọkọ Mi Di Tuntun

Kò sí ẹni tó ní rédíò nílùú Oǹdó tí kò mọ Akíntóyè, nítorí rédíò ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í sábà sí nílé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi ju ilé adìyẹ lọ. Ó kọ ọ́ sára pátákó iwájú rẹ̀ pé Ẹ̀RỌ TÓ KÚ YÓÒ TÚN SỌ̀RỌ̀. Ìwé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo lè ka ìyẹn. Rédíò kún ibẹ̀ dé àjà, àwọn mìíràn sì wà tí olówó wọn ti wọ ilẹ̀ lọ, tí àwọn ọmọ kò mọ̀ pé bàbá àwọn ní rédíò rí. Bí ẹ bá bi í pé ìgbà wo ni tiyín máa ṣe tán, á gbójú sókè bí ẹni ń wá ìràwọ̀ lọ́sàn-án, á ní, "Ó ku nǹkan kékeré kan." Nǹkan kékeré yẹn, Àkúrẹ́ ló máa ń wà.

Kì í ṣe olè o. Àṣejù ni tirẹ̀. Rédíò tó jẹ́ pé okùn rẹ̀ lásán ló já, Akíntóyè á tú u dé egungun, nítorí kò lè rí ohun tó gbó kó má fẹ́ sọ ọ́ di tuntun.

Bí èmi àti òun ṣe wá dé ojú ara wa nìyí. Ọlátúnjí, ọkọ mi, ní áńpílífáyà kan, àpótí onígi tó ń gbé ohùn gìtá rẹ̀ jáde. Àtìgbà tí owó kòkó ṣì ń jẹ́ owó ló ti ń fi í lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gílóòbù mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Sípíkà rẹ̀ ti ya, Ọlátúnjí sì fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá tan án, á kọ́kọ́ kùn, hùn-ùn-ùn, bí ẹni ń tún ọ̀fun ṣe, kí gìtá tó sọ̀rọ̀. Bó bá wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á há díẹ̀, á gbóná díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí mo bá ti gbọ́ hùn yẹn láti ilé ìdáná, mo mọ̀ pé ọkọ mi ti jókòó.

Ó kú lọ́dún 1994, lọ́dún tí epo wọ́n, tí mọ́tò ń sùn nílé epo bí ẹni tó lọ kí àna. A kò gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì rí. Ta ló ń rò ó?

Nílùú wa, ọdún òkú kì í pé kí ilé rẹ̀ má gba ọ̀dà. Gàrí lè wọ́n kí a máa fi omi tàn án, ṣùgbọ́n ògiri gbọ́dọ̀ dán. Adépọ̀jù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló dúró ti iṣẹ́ náà. Wọ́n kun ilé, wọ́n kun géètì, wọ́n kun ìdí igi àgbọn. Ewúrẹ́ mi tó fara kan ògiri, òun náà gba ọ̀dà. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n tún lè kùn mọ́ ni ojú Adépọ̀jù bọ́ sára áńpílífáyà tí Bísọ́dún ọmọ wa fẹ́ lò lọ́jọ́ ọdún náà.

"Ìyá Bísọ́dún, ṣé nǹkan tí ọmọ yìí fẹ́ fi lu gìtá fún bàbá rẹ̀ lójú àlejò rèé?"

"Òun ni, Ẹ̀gbọ́n. Òun ni bàbá rẹ̀ ń lò."

"Ó ń kùn bí ẹni tí inú ń run. Ṣé kí àwọn ará Àkúrẹ́ lè máa sọ pé a fi ẹrù àlòkù ṣe ọdún àbúrò mi ni? Ẹ gbé e fún Akíntóyè, kó sọ inú rẹ̀ di tuntun."

Ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n opó tó bá jà nítorí àpótí, wọ́n á ní ó ní nǹkan tó fi pamọ́ síbẹ̀.

Akíntóyè dé, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń mi orí bíi nọ́ọ̀sì. "Ẹ wo kapásítọ̀ yìí, Màmá." Nǹkan kékeré kan tó dà bíi súìtì nínú bébà ló fi hàn mí. "Ó ti wú. Òun ló ń fa kíkùn. Sípíkà ń kú lọ. Gílóòbù wọ̀nyí, àwọn tó ń lò wọ́n ti tán láyé."

"Wọ́n ti tán lóòótọ́," ni mo wí.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. N kò rò ó kí n tó sọ ọ́."

"Dìde, Ẹnjiníà. Ohun tó o bá fẹ́ ni kó o ṣe sí i, ṣùgbọ́n kí n ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò síbòmíì tí mo tún ti lè gbọ́ ọ."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohùn tó máa jáde, ẹ̀yin gan-an ò ní dá a mọ̀ mọ́."

Ó rò pé òun ń tù mí nínú.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ Gàníyù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta inú rédíò nítòsí ọjà. Àṣà Gàníyù ni pé bó o bá gba sípíkà tuntun, wàá fi ògbólógbòó sílẹ̀ fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iṣẹ́ fi parí. Èyí nìkan tó láti kó ẹ̀rù bá mi: Akíntóyè kò parí iṣẹ́ lásìkò rí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò, Adépọ̀jù wọ agbádá wá. Akíntóyè tan án. A kò gbọ́ nǹkan kan. Adépọ̀jù pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́," ó ní. "Bíi báńkì."

Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan gìtá o. Nígbà tí Bísọ́dún, ọmọ mi obìnrin, wá ta okùn rẹ̀, ohùn náà mọ́ bí abọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀, ó sì tutù bí abọ́ náà. Gbogbo wọn ní áà, ó dára, tuntun ni. Bísọ́dún gbé gìtá sílẹ̀.

"Màámi, Bàbá kọ́ nìyí."

"Mo ti gbọ́," ni mo wí.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọdún òkú náà pé. Mo tẹ̀ lé Akíntóyè dé ṣọ́ọ̀bù. "Níbo lo kó ìfun rẹ̀ sí?"

Ó fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ tábìlì. Kapásítọ̀ àti gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn. "Èmi kì í da nǹkan nù, Màmá." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Sípíkà ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. Mo mọ̀ pé Àkúrẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀. Ó gbé sípíkà tuntun lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà Gàníyù tí mo fi dúró. Ẹnì kan ń ka ìròyìn nínú rédíò, ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó gbóná díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo wọlé. Sípíkà tuntun so rọ̀ mọ́ ògiri nínú ọ̀rá bí ẹran ìgbẹ́. Abẹ́ tábìlì ni èyí tí Gàníyù fúnra rẹ̀ ń gbọ́ wà, pẹ̀lú bébà sìmẹ́ǹtì lára rẹ̀.

"Àlàájì, sípíkà wa nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ jèrè, Màmá. Tuntun lẹ gbà lọ."

"Tuntun náà nìyí. Ìwọ náà wá jèrè. Àbí kí ló dé tí o kò fi tuntun sínú ti ara rẹ?"

Gàníyù rẹ́rìn-ín. "Tuntun fún títà ni, Màmá. Etí mi ti dàgbà."

Akíntóyè ń wò ó. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ra ọjà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kò bi í rí pé kí ni òun alára ń gbọ́.

"Ti ọkọ mi tó kú ni," ni mo wí.

Gàníyù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pa ìròyìn láàárín ọ̀rọ̀, ó tú sípíkà náà fúnra rẹ̀, ó mú àkísà.

"Má nù ún," ni mo wí.

Akíntóyè dá gbogbo rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Okùn iná nìkan ló bẹ̀ mí pé kí òun fi tuntun sí, kí ilé má baà jóná. Mo gbà fún un. Ó wá fi aṣọ pupa tuntun bo iwájú rẹ̀, nítorí ojú ni Adépọ̀jù fi ń gbọ́ orin.

Lọ́jọ́ ọdún náà, ìdí ìkòkò ni mo wà nígbà tí Bísọ́dún tan án. Hùn-ùn-ùn. Ọwọ́ mi dúró lórí ọmọrogùn. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí, ìsàlẹ̀ oúnjẹ jóná, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Láàárín àlejò, mo ń gbọ́ Adépọ̀jù. "Ẹ gbọ́ hùn yẹn? Tuntun ni gbogbo inú rẹ̀. Àkúrẹ́ la ti lọ gbé e wá." Akíntóyè ń wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, èèyàn méje ti gbé rédíò wá fún un pé kó sọ tiwọn náà di tuntun bẹ́ẹ̀. Adépọ̀jù wà nínú wọn. Rédíò tí kò tíì lò pé oṣù kan ló gbé wá, ó ní ó dákẹ́ jù, kí Akíntóyè bá òun jẹ́ kó máa kùn.

Rédíò náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ku nǹkan kékeré kan.