Ta Ni Wọ́n Sin Síbẹ̀?

Òórùn káńfọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òun àti òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lẹ́yìn òjò, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹdẹ, níbi tí màmá wa ti máa ń sá láfún. N kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ọ̀rẹ́ mi. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí títí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí wọn, èmi nìkan ló tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ni ní Pólì, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ nínú yàrá tí kì í níná. Àràárọ̀ ni inú máa ń bí i. Ìyanṣẹ́lódì ń bí i nínú, òṣèlú ń bí i nínú, àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń tijú láti sọ Yorùbá ń bí i nínú. Ìgbà tí ẹgbẹ́ kan lókè òkun ní kó wá kọ́ béèyàn ṣe lè máa gbé ní Máàsì, ayé pupa tó jìnnà ju òṣùpá lọ fíìfíì yẹn, ni mo tó rí i tó rẹ́rìn-ín dénú. Wọn ò tíì lọ síbẹ̀ o. Inú ilé kan tí wọ́n tì pa láàárín aṣálẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́ ọ fún oṣù mélòó kan.

"Màmá, nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ Áfíríkà, a ò sí níbẹ̀," ó wí. "Tí wọ́n bá ń pín ojú ọ̀run, mo fẹ́ wà níbẹ̀."

Màmá ń bẹ ẹ̀gẹ́, wọn ò gbójú sókè. "Ilẹ̀ wà lọ́hùn-ún?"

"Ó wà, ó pọ̀ lọ jàra. Pupa ni, bíi tiwa."

"Ta ni wọ́n sin síbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: tí ọjọ́ àwọn bá pé, kó wà nílé kó lè bu erùpẹ̀ lé àwọn. Ní agbo ilé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí sàréè. Obìnrin kì í tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ó ṣèlérí, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí garéèjì, ó lọ.

Ó ṣì wà nínú ilé aṣálẹ̀ náà nígbà tí àìsàn kékeré kan kọlu màmá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, màmá dákẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé òru ṣì ni lọ́dọ̀ wọn, àti pé àwọn ọ̀gá wọn máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, kó lè dà bíi pé láti Máàsì lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀.

Ní ẹ̀bá sàréè, àfáà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ọmọ wọn ọkùnrin dà?"

Ojú fèrèsé ni àwa obìnrin ti ń wò wọ́n. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi jáde. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu erùpẹ̀. Ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ọmọ wọn nìyí, àfáà," mo ní.

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì yẹ̀ fún mi.

Wọ́n ti ń tẹ́ ojú sàréè nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni, ó gbà á sílẹ̀ ránṣẹ́: "Ẹ má tíì sin wọ́n. Mo ti ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹ dúró dè mí."

Èmi náà gba tèmi sílẹ̀: "A ti sin wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo bu erùpẹ̀ lé wọn." Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. N kò mọ̀ bóyá òun ló dákẹ́, àbí ọ̀rọ̀ mi ló ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ó wá lọ́jọ́ ogójì, ó dúró síbi sàréè, ó tún padà sí aṣálẹ̀ rẹ̀. N kò bá a jà. Gbogbo ohun tó ń bí i nínú, òótọ́ ni. Iná ò tíì dé, ìyanṣẹ́lódì mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, n kò tíì sunkún. Àmọ́ bí mo bá ń gbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, tí mo dé ibẹ̀ yẹn, mo máa ń rọra gbá a. Ilẹ̀ tiwa yìí, mo mọ ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀.