Ẹ̀yìn Lọ́rì Ni Tíṣà Gbà Wọlé Àna

Ẹni tó bá ń wá Tíṣà Ọlọ́rundáre ní ọ̀nà Ìkìrun sí Òkukù láyé ọjọ́un, kó má wulẹ̀ wo iwájú, ẹ̀yìn lọ́rì ni kó wò. Ìkìrun ni Tíṣà ń gbé, Ìnísà ló ti ń kọ́ ọmọ léèwé, alùpùpù ló sì ń gùn lọ gùn bọ̀. Kì í déédéé gbéra. Yóò dúró sí ẹ̀yìn ìlú títí lọ́rì ńlá kan tó kó obì lọ sí Òkè Ọya yóò fi kọjá, á wá rọra bọ́ sídìí rẹ̀, á sì máa tọ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí bí ọmọ adìyẹ tó ń tọ ìyá rẹ̀.

Àlàyé rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ni olè tó ń jí epo mu. Ẹni tó bá dá kojú afẹ́fẹ́, epo rẹ̀ á tán kíá. Ẹni tó bá sá sẹ́yìn lọ́rì, lọ́rì ni yóò bá a ja ìjà náà, epo á sì jókòó jẹ́ẹ́ sínú táńkì. Òótọ́ ni. Ohun tí kì í fi kún àlàyé rẹ̀ ni eruku. Ọ̀nà náà kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀dà nígbà yẹn, yangí pupa ni látòkèdélẹ̀. Kí Tíṣà tó dé kíláàsì, irun rẹ̀ á ti pupa, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti pupa, eyín nìkan ló máa ń kù tó funfun. Ọṣẹ tó fi ń fọ aṣọ ju epo tó ń ṣọ́ lọ. Nígbà tó di àgbàlagbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ ṣáà mọ ọgbọ́n àgbọ́njù tí í pa òdù ọ̀yà? Èmi gbé tèmi gun alùpùpù ni." Àwọn ọmọ iléèwé sọ ọ́ ní Ìrù Lọ́rì. Ó gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí orúkọ yìí ń pa lẹ́rìn-ín láìfi ṣe ẹ̀sín ni Àtọ́kẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ní Òkukù. Ó fẹ́ràn Tíṣà tòun ti eruku rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Bàbá Akínyẹlé, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í fo nǹkan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Tíṣà lọ kí wọn, búrẹ́dì ló gbé dání. Ọ̀rọ̀ dùn, ìtàkùrọ̀sọ wọ̀, ni Tíṣà bá ń já búrẹ́dì náà jẹ díẹ̀díẹ̀ láìfura. Nígbà tí yóò fi dìde, ìdí búrẹ́dì nìkan ló kù lórí tábìlì.

Bàbá wo búrẹ́dì, wọ́n wo Tíṣà. Ó lọ tán ni wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé, "Ahun ni. Èmi ò lè fọmọ fún ahun."

Àtọ́kẹ́ sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, títí bàbá fi gbà pé kí Tíṣà tún wá ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, káwọn lè tún un wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ táwọn bá sọ lọ́jọ́ náà, abẹ gé e. Ẹ̀rù ń ba Tíṣà gidigidi, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú.

Ó ra tòlótòló ńlá kan kí wọ́n má baà tún pè é ní ahun. Ó dá kóòtù funfun tuntun. Ó tún búra pé lọ́jọ́ yẹn, òun kò ní tọ lọ́rì kankan lẹ́yìn, òun á dá kojú afẹ́fẹ́ bí ọkùnrin. Ẹ̀yìn Ìkìrun ló dúró sí, tó bẹ̀rẹ̀ tó ń tún tòlótòló so mọ́ àga ẹ̀yìn, nígbà tí lọ́rì kan kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ìdí rẹ̀ nìkan ló rí. Ìdí náà fẹ̀ bí ilé, wọ́n fi tapólì bò ó pinpin, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò kánjú rárá. Irú lọ́rì tí Tíṣà ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wá nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbá a láyà lẹ́ẹ̀kan, ìbúra sì fò lọ. Ó bọ́ sídìí lọ́rì.

Nígbà tí wọ́n máa wọ Ìnísà, nǹkan ìyanu bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dìde, wọ́n ṣí fìlà. Àwọn obìnrin sọ ẹrù orí kalẹ̀, wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Kódà ọ̀kan nínú àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó máa ń pè é ní Ìrù Lọ́rì lójú kòrókòró ṣí fìlà, ó fi lé àyà. Tíṣà wo ara rẹ̀ wò. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kóòtù yìí mà níyì o!" Ó gbọ́wọ́ sókè fún àwọn ti apá ọ̀tún, ó tẹríba fún àwọn ti apá òsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń gbé eruku mì.

Bí wọ́n ṣe dé Òkukù, lọ́rì náà kúrò lójú títì, ó yà sí ọ̀nà ilé Bàbá Akínyẹlé gan-an. Inú Tíṣà dùn kọjá ààlà. Epo ọ̀fẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà àna! Ó fọn fèrè póò póò wọ àgbàlá láti fi sọ fún wọn pé òun ti dé.

Lọ́rì dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìgbà náà ni Tíṣà gbọ́ ẹkún. Ó rọra yọ́ lọ síwájú lọ́rì, ó sì rí màrìwò tútù tí wọ́n so mọ́ ọn gbọọrọ. Ta ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá so màrìwò síwájú, òkú ló gbé? Ọmọdé Ìnísà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ẹ̀yìn lọ́rì dilé, níbo ni yóò ti rí iwájú rẹ̀? Òkú Matthew, ẹ̀gbọ́n Bàbá Akínyẹlé tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni wọ́n gbé wálé. Wáyà ikú rẹ̀ ti dé lówùúrọ̀, ilé ti kún. Gbogbo fìlà tí wọ́n ṣí, òkú ni wọ́n ń ṣí i fún.

Tíṣà fẹ́ yí alùpùpù padà kó sá lọ. Ó mọ̀ pé òun ti pàdánù Àtọ́kẹ́. Tòlótòló ni kò gbà. Ó ké gòlogòlogòlò, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n ká tapólì sókè, Màmá Àrínọlá, àbúrò òkú, sì sọ̀kalẹ̀. Òun nìkan ló jókòó ti pósí láti Ìbàdàn. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi Akínyẹlé, ta ni ọmọkùnrin yìí? Láti Ìkìrun ni mo ti ń yọjú wò ó níbi tí tapólì ti ya. Mo ní yóò yà wá sílẹ̀, kò yà wá. Mo ní eruku á lé e padà, kò padà. Ó ń bá mi sin ẹ̀gbọ́n wa bọ̀. Ẹ wo aṣọ funfun rẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣe irú èyí fọ́mọ rẹ̀."

Bàbá Akínyẹlé wo Tíṣà láti òkè délẹ̀. Tíṣà la ẹnu láti sọ òtítọ́, eruku inú ọ̀fun rẹ̀ bá dìde, ó wú ikọ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, "Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ọmọlúàbí ni."

Àtọ́kẹ́ bu omi wá fún un lẹ́yìnkùlé. Ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Tíṣà, ṣé bàbá mi àgbà lẹ ń sìn bọ̀ ni, àbí epo lẹ ń ṣọ́?"

Tíṣà dorí kodò. "Epo ni."

Àtọ́kẹ́ fi ìró bo ẹnu nítorí ẹ̀rín kò yẹ ilé òkú. Ó ní, "Ẹ bọ́jú yín, ẹ dákẹ́ síbẹ̀."

Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ṣègbéyàwó. Tíṣà máa ń sọ pé Ọlọ́run kì í jẹ gbèsè, nítorí láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kú nínú ẹbí wọn ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Wọ́n á ní, "Ọkọ Àtọ́kẹ́ ni kó tẹ̀ lé e, òun ló mọ̀ ọ́n ṣe." Gbogbo epo tó ti fi ìrù lọ́rì ṣọ́ láti ìgbà èwe ló sun pátá sẹ́yìn òkú àna.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Akínyẹlé wólẹ̀, tí wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo, Tíṣà lọ jókòó tì wọ́n. Bàbá yíjú sí i, wọ́n ní, "Ọlọ́rundáre, ta ní ń fọn fèrè wọlé òkú?"

Tíṣà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ látijọ́, sà?"

"Mo gbọ́ fèrè. Mo rí tòlótòló. Ṣùgbọ́n Àrínọlá dá jókòó ti òkú láti Ìbàdàn, ẹ̀rù ń bà á, ìwọ ló rí tó ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ni rìn, a kì í bi í léèrè ohun tó mú un rìn." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Búrẹ́dì yẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́."

Wọn kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn kúrò ní Òṣogbo, ọ̀dà ti dé títì, eruku ò sí mọ́. Awakọ̀ so màrìwò tán, ó ní, "Tíṣà, ẹ bọ́ síwájú, kí ayé lè rí àna."

Tíṣà ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé wọn."

Ó bọ́ sídìí lọ́rì. Ní Ìkìrun wọ́n ṣí fìlà, ní Ìnísà wọ́n ṣí fìlà, ó sì ti mọ ẹni tí wọ́n ń ṣí i fún. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ títí wọ́n fi dé Òkukù, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku kankan lójú ọ̀nà.